Bí eré àsápajúdé ṣe ń di ẹjọ́ ní Èkó

Bí ariwo ọkọ̀ àwọn tó ń sáré ìdíje bá gba gbogbo òru ní Lekki tàbí Ikoyi, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ lówùúrọ̀ ni pé kò sófin mọ́ nílùú yìí. Òfin wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni kéèyàn fi hàn níwájú adájọ́ pé lágbájá gan-an ló wà nídìí ọkọ̀, àti pé bó ṣe wà á léwu fún aráàlú.

Eré nìkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni kò gbọ́dọ̀ sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan nígboro, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀. 90 ni ti bọ́ọ̀sì akérò níbẹ̀. Ẹni tí Road Safety bá mú pé ó kọjá ìyẹn yóò san ₦3,000, wọ́n á sì kọ póíǹtì 3, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kà jọ, sí i lọ́rùn. Ká sòótọ́, ₦3,000 kò lè dẹ́rù ba ẹni tó ń fi epo dá àrà lóru.

Ọkọ̀ wíwà eléwu ló wúwo. ₦50,000 ni ìtanràn rẹ̀, póíǹtì rẹ̀ sì jẹ́ 10. Póíǹtì yìí ló yẹ kó dun awakọ̀ ju owó lọ. Láti 10 dé 14, ìkìlọ̀ ni. Láti 15 dé 20, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì fúngbà díẹ̀. Bó bá ti di 21, ó lọ pátápátá nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀mejì fún ọkọ̀ wíwà eléwu ti ní 20 lọ́rùn. Bí wọ́n bá tún ká a mọ́ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nídìí ọkọ̀, ó tán.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ kọ kì í ṣe ìdájọ́ o. Awakọ̀ lè sanwó kó máa lọ, ó sì lè ní òun kò gbà, kí ọ̀rọ̀ di ti kóòtù.

Kí wá ni kóòtù ń wò kó tó sọ pé ọkọ̀ wíwà kan léwu? Òfin ní kó wo irú ọ̀nà tó jẹ́, bí ọ̀nà náà ṣe rí, ohun táwọn èèyàn ń fi ṣe, iye ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ lásìkò náà, àti iye tó yẹ kéèyàn máa retí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń já àwáwí táwọn tó ń fi ọkọ̀ díje fẹ́ràn jù, pé aago méjì òru ni, kò séèyàn lójú títì. Ní Èkó, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò séèyàn? Ọkọ̀ tó bàjẹ́ lè dúró láìtanná lórí Third Mainland. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì lọ sí Mile 12 kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Àwọn agbálẹ̀ LAWMA ti máa ń wà lẹ́bàá títì kílẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ sì ti pa lára wọn rí. Lójú Ikorodu Road, bí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ṣe wà lókè náà lẹnì kan ṣì ń sá kọjá lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló yẹ kí awakọ̀ máa retí.

Kò pọn dandan kí adájọ́ mọ̀ bóyá ìdíje ni tàbí bóyá wọ́n ta tẹ́tẹ́ lé e. Ẹni tó dá nìkan wa ìwàkuwà jẹ̀bi bákan náà. Àwọn tó fi ọkọ̀ tiwọn dí ọ̀nà káwọn ọ̀rẹ́ wọn lè ráyè sáré kò sì bọ́ ńbẹ̀: òfin ka ẹni tó ran arúfin lọ́wọ́ mọ́ arúfin. Bí ẹ̀mí bá lọ sí i, òfin àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, tí Third Mainland àti Ikorodu Road wà lára wọn, lè rán awakọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7, kódà bí kò bá ní in lọ́kàn láti pààyàn.

Ẹ̀rí ló ń fa ẹsẹ̀ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Abala 203 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi eré tìtorí pé lójú ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, eré náà ti pọ̀ jù. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń wọn eré nígbà tó ṣẹlẹ̀, tó sì mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà wá, ẹ̀rí òun nìkan tó. Ìdí nìyẹn tí rédà àti kámẹ́rà fi wúlò ju fèrè lọ. Ní ti ọkọ̀ wíwà eléwu, kò sí irú ìdíwọ́ yìí: gáàdì tó rí ọkọ̀ tó ń já lu ọkọ̀ lè wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Fídíò ńkọ́? Àwọn asáré fúnra wọn ló ń gbé e sórí Instagram, bíi pé wọ́n ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ adájọ́ kò kàn ní tẹ̀ ẹ́ wò. Abala 84 òfin kan náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó mú un jáde ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

LASTMA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2000, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló jẹ wọ́n lógún jù. Àmọ́ bí asáré bá gba ọ̀nà òdì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: lábẹ́ òfin ìrìnnà ọdún 2018, kóòtù alágbèéká lè gba ọkọ̀ náà fún ìjọba, kí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo.

Kámẹ́rà ní ìṣòro tirẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń rí, kò mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni ìwé ìtanràn ń tọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti tà látọwọ́ dọ́wọ́ l'Ékòó ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ẹni tó ta ọkọ̀ láìyí orúkọ padà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá kàn.