Kí ló dé tí orúkọ baba ńlá ọkọ mi ò sí nínú ìwé ìkànìyàn 1860?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni ọkọ mi, Alabama sì ni ìdílé rẹ̀ ti wá. A rí baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn 1870: àgbẹ̀ ni, ẹni ogójì ọdún, pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n a wo ti 1860 títí, a ò rí i. Ṣé ó yí orúkọ padà ni, àbí ibòmíràn ló ti wá? Àwọn ọmọ mi tún ń bi mí bóyá Yorùbá lòun náà.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó wà ní Alabama níbẹ̀ ní 1860, kí wọ́n sì ti kà á. Orúkọ rẹ̀ ni wọn ò kọ. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ka ẹrú. Orúkọ olówó wọn ló máa ń wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan. “30 M B”: ọkùnrin dúdú, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó parí. Ìkànìyàn 1870 ló kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Torí náà, olówó baba yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó dunni, ṣùgbọ́n inú ìwé dúkìá ni wọ́n kọ wọ́n sí. Bí olówó ẹrú bá kú, kóòtù káúntì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) a máa kọ ohun gbogbo tó fi sílẹ̀: ìbaaka, àga, ohun èlò oko, àti èèyàn, pẹ̀lú orúkọ àti iye tí wọ́n fojú dá lé e. Nígbà míì, ìyá àti ọmọ a tẹ̀ léra.

Ọ̀pọ̀ máa ń kù gìrì mú òyìnbó tó bá ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jẹ́ orúkọ olówó wọn, àwọn kan jẹ́ ti olówó àtijọ́, àwọn mìíràn yan èyí tó wù wọ́n. Aládùúgbò ni èmi máa ń wò, torí ọ̀pọ̀ wọn ò jìnnà sí oko tí wọ́n ti sìn. Ilé dé ilé ni wọ́n ń kààyàn ní 1870, wọ́n sì ń kọ iye owó tí ilẹ̀ oníkálukú tó. Ẹ mú òyìnbó onílẹ̀ púpọ̀ tó bá baba yín wà lójú ewé kan náà, kí ẹ wá a nínú ìwé ẹrú 1860. Bí ọkùnrin ẹni bí ọgbọ̀n ọdún bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìfura nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Kóòtù lẹ ó ti wá ẹ̀rí.

Ẹ tún wo ìwé Freedman's Savings Bank, báńkì àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1865, tó wó ní 1874. Ó ní ẹ̀ka ní Mobile, Montgomery àti Huntsville. Wọ́n máa ń bi oníbàárà ní orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, nígbà míì orúkọ olówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò Alabama ti 1867 náà wúlò. Ní ti ìkànìyàn 1890, ẹ má da ara yín láàmú, iná tó jó ní Washington ní 1921 ti bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wá ńkọ́? Ẹ má tíì máa kì í o. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa tí ogun kó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Brazil àti Cuba ni wọ́n tà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní 1860, ọkọ̀ Clotilda yọ́ kẹ́lẹ́ kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òní, lọ sí Mobile. Àwọn tó gbọ́ èdè Yorùbá wà nínú wọn. Wọ́n sì tẹ Africatown dó níbẹ̀ lẹ́yìn òmìnira.

Ẹ padà sí ewé 1870 yẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ pé wọ́n bí i sí. Bó bá jẹ́ Africa, tó sì ń gbé ní Mobile, ẹ tètè fi tó mi létí. Bó bá jẹ́ Virginia tàbí South Carolina, a jẹ́ pé wọ́n tà á tàbí wọ́n kó o wá sí Alabama ni, kóòtù ọ̀hún náà lẹ ó sì lọ tú ìwé rẹ̀.