Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Free Energy, àti Okùn Tó So Ìyípadà Méjì Pọ̀

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjagun, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ń kọ́ bí a ṣe ń ro free energy ìyípadà méjì pọ̀, ìyẹn agbára tó wà fún iṣẹ́: bí ó bá ń dín kù (−), ìyípadà lè lọ fúnra rẹ̀; bí ó bá ń pọ̀ sí i (+), kò lè dá lọ. Bí ọ̀kan bá jẹ́ +13.8 kílójúùlù (òṣùwọ̀n agbára), tí èkejì jẹ́ −30.5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −16.7, ọ̀rọ̀ parí, ìyípadà náà á lọ. Ìṣirò yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ìdajì kejì sì gba àwọn onímọ̀ ní ọgọ́ta ọdún ó lé kí wọ́n tó rí i. Mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé ìtàn náà, nítorí mi ò fẹ́ kí ọmọ wa kankan máa rò pé nọ́ńbà ló ń ti ìyípadà.

Nígbà àtijọ́, ooru ni wọ́n gbà pé ó ń darí gbogbo rẹ̀. Julius Thomsen ní Dẹ́ńmáàkì àti Marcellin Berthelot ní Faransé ló di èrò yìí mú jù: ìyípadà tó bá ń tú ooru jáde nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo iná igi á gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó tó bá da ajílẹ̀ yúríà sínú korobá omi mọ̀ pé korobá náà á tutù lọ́wọ́ òun. Yúríà ń yọ́ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ló ń fa ooru mọ́ra. Irú èyí ni ìlànà wọn kò lè dáhùn. Rudolf Clausius, ará Jámánì, ti fún ayé ní éńtírópì ní 1865, ìyẹn ìwọ̀n bí agbára ṣe fọ́n káàkiri tó. Ó ku ẹni tó máa mú un pọ̀ mọ́ ooru.

Josiah Willard Gibbs ni ẹni náà. New Haven ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1839, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1903. Yale fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1871, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kò gba owó oṣù; ogún bàbá rẹ̀ ló ń jẹ. Nínú àwọn ọdún àìgbowó yẹn ló ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀. Láàárín 1875 sí 1878 ló tẹ̀ ẹ́ jáde, nǹkan bí 300 ojú ìwé, nínú ìwé ẹgbẹ́ onímọ̀ Connecticut tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ilẹ̀ Yúróòpù kì í sábà rí. Ó ní kí a mú ìwọ̀n ooru inú nǹkan, kí a fi ìgbóná rẹ̀ sọ éńtírópì rẹ̀ di púpọ̀, kí a yọ èyí kúrò lára ti àkọ́kọ́. Bí ohun tó kù, tí à ń pè ní free energy lónìí, bá ń dín kù, nígbà tí ìgbóná àti ìtẹ̀ kò yí padà, ìyípadà náà lè lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá dín tí kò sì pọ̀, ó ti dọ́gba. Ìdáhùn ọ̀rọ̀ yúríà nìyẹn: éńtírópì tó ń pọ̀ sí i borí ooru tó ń wọlé.

James Clerk Maxwell ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀kan nínú ìwọ̀nba èèyàn tó tètè mọ iyì ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn tó ka iṣẹ́ tí Gibbs kọ ní 1873, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ àwòṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Ìyókù kò gùn. Helmholtz ló fún irú ìwọ̀n yìí ní orúkọ free energy ní 1882. Ostwald túmọ̀ iṣẹ́ Gibbs sí èdè Jámánì ní 1892, Le Chatelier sì túmọ̀ apá kan rẹ̀ sí Faransé ní 1899. Ní 1923, Lewis àti Randall ní Kalifóníà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè lò.

Ìdajì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Kò sọ bí ìyípadà tí kò lè dá lọ ṣe máa rí ẹni gbé e. Bí òkúta bá já sínú kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá omi, korobá kò ní gòkè, bó ti wù kí òkúta wúwo tó, àfi tí okùn bá so wọ́n pọ̀.

Okùn yẹn ni Arthur Harden àti William Young bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní London ní bíi 1905. Wọ́n ń fi omi inú ìwúkàrà sọ ṣúgà di ọtí. Nígbà tí wọ́n fi fọ́síféètì, irú iyọ̀ kan tó ní fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì nínú, kún un, iṣẹ́ náà yára, fọ́síféètì ọ̀hún sì pòórá. Nígbà tí wọ́n wá a kiri, ara ṣúgà ni wọ́n ti bá a, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1929 ni Karl Lohmann rí ATP, ohun kan tó ru fọ́síféètì mẹ́ta, nínú iṣan ara ní Jámánì. Fritz Lipmann, ọmọ Júù tó kúrò ní Jámánì lọ sí Dẹ́ńmáàkì, tó sì dé Amẹ́ríkà, ló kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 1941: fọ́síféètì ATP ni okùn náà. Bí gúlúkóòsì bá fẹ́ gba fọ́síféètì fúnra rẹ̀, +13.8 ni, kò lè lọ. Bí ATP bá tú sínú omi lásán, −30.5 ni, ooru lásán ló máa dà. Ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn ohun inú ara tó ń mú ìyípadà yára, ló ń gba fọ́síféètì lára ATP, tó ń gbé e lé gúlúkóòsì lórí tààrà, láìjẹ́ kó bọ́ sínú omi. Nítorí ìsopọ̀ yẹn ni àròpọ̀ wa fi ní ìtumọ̀. Lipmann gba ẹ̀bùn Nobel ní 1953.

Gààrí Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé èyí. Àwọn ìyá wa á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á sì jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án. Nínú àpò yẹn, bakitéríà ń sọ gúlúkóòsì kọ̀ọ̀kan di ásíìdì láktíìkì méjì, agbára tó ń tú sílẹ̀ sì tó nǹkan bí 196 kílójúùlù fún móòlù kan (òṣùwọ̀n tí onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń ka iye nǹkan). Wọ́n ń fi nǹkan bí 61 nínú rẹ̀ ṣe ATP méjì. Èyí tó kù, nǹkan bí 135, ló ń mú kí iṣẹ́ náà máa lọ síwájú. Ṣúgà tó ru fọ́síféètì, irú èyí tí Harden àti Young bá pàdé, wà lára ohun tí bakitéríà wọ̀nyí ń gbà kọjá kí gààrí tó kan.

Síbẹ̀, nínú mitokóńdíríà, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí ara wa ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ATP rẹ̀, àwọn onímọ̀ wá ohun tó ń gbé fọ́síféètì títí, wọn kò rí i. Ní 1961, Peter Mitchell ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní pírótọ́ọ̀nù (kókó hàídírójìn, ohun tí ásíìdì ń tú sílẹ̀) tó kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan awọ tín-ín-rín ni okùn. Bí wọ́n bá ń padà wọlé, wọ́n á máa ṣe ATP. Ọ̀pọ̀ ta kò ó fún ọdún pípẹ́, àmọ́ ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978. Bakitéríà inú àpò ẹ̀gẹ́ ń lo ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni tiwọn: bí ẹ̀gẹ́ bá ti ń kan sí i, ATP ni wọ́n ń ná láti ti pírótọ́ọ̀nù jáde, kí ásíìdì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe má baà pa wọ́n.