Kí Ló Dé Tí Ẹni Tó Ń Rìn Fi Ń Bá Ẹni Tó Ń Sáré?

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí ní ìbéèrè yìí lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin yìí ń sáré àsápajúdé. Apààyàn yẹn ń rìn bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Báwo ló ṣe wá bá a?"

Mo ní, "Èmi ni mo ní kó bá a."

Mi ò fi ṣàwàdà. Iṣẹ́ gígé fíìmù ni mò ń ṣe, nínú iṣẹ́ wa, ọ̀nà kì í gùn ju bí a bá ṣe fẹ́ kó gùn lọ. Mo lè fi ẹni tó ń sáré hàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí n gé e. Mo lè wá fi ẹsẹ̀ apààyàn hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà láìgé e rárá. Tí mo bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sáré, ó ti kọsẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹwòran kò ní jókòó kó máa wọn ilẹ̀. Ohun tó rí ni pé ẹnì kan ń làágùn, ẹnì kejì kò yára kò sì dúró. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀tàn yìí ní èèwọ̀ kan ṣá: àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú àwòrán kan náà títí ọ̀rọ̀ á fi fẹ́ẹ̀ bẹ́yìn yọ. Tí ẹ bá ti jẹ́ kí ojú òǹwòran rí àlàfo tó wà láàárín wọn, irọ́ tú nìyẹn. Ẹ dán an wò nígbà míì tí ẹ bá ń wo irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ rí àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí apààyàn tí kò ṣeé dá dúró níbi tí wọ́n ti fi ọgbọ́n gbé e kalẹ̀, kó wá eré àtìgbàdégbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ The Prisoner. Láàárín 1967 sí 1968 ni ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Britain, gbé e jáde, apá 17 péré ni. Patrick McGoohan ni olórí òṣèré, òun náà ló sì darí díẹ̀ nínú rẹ̀. Amí kan ló fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tìbínú-tìbínú, wọ́n fẹ́ èéfín olóró sí i nínú ilé, ìgbà tó jí, abúlé kan ló bá ara rẹ̀. Abúlé ọ̀hún dára lójú jọjọ. Portmeirion, létí òkun ní Wales, ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ ìta rẹ̀: ilé aláwọ̀ mèremère, òdòdó lọ́tùn-ún lósì, àwọn onífèrè tó ń yíde kiri. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Nọ́ńbà 6 ni tiẹ̀. Wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ gbogbo èèyàn, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń jọba lé wọn lórí. Ẹni tó bá gbìyànjú láti sá, wọn kì í yin ìbọn fún un. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rán sí i. Bọ́ọ̀lù ńlá funfun kan, tó ga tó èèyàn, tí wọ́n ń pè ní Rover.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nínú apá kìn-ín-ní, àwọn èèyàn ń gbafẹ́ ní gbàgede, olórí abúlé ní kí wọ́n dúró, gbogbo wọn sì dúró gbagidi bí ère. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni kò lè mú un mọ́ra. Ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Bọ́ọ̀lù náà yí tọ̀ ọ́, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì fi rọ́bà funfun dí i nímú dí i lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù ń bá fàájì wọn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dá fíìmù dúró fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ikú yẹn kò lé mi lójú oorun tó bí àwọn tó ń gbafẹ́ lọ yẹn.

Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n kàn lé orí ọkọ̀ kékeré ni, kò sì ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò, pàápàá lórí omi. Bàlúùnù ńlá táwọn tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́ máa ń fò sókè ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń fà á. Nígbà míì, wọ́n á yà á bó ṣe ń lọ, wọ́n á wá yí fíìmù náà sẹ́yìn kó lè dà bíi pé ó ń bọ̀. Bó ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń gbé òmíràn jáde. Àwọ̀ ni wọ́n fi ya eré náà, ṣùgbọ́n dúdú òun funfun làwọn ará Britain fi wò ó nígbà yẹn, torí ITV kò bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọ̀ jáde títí di 1969. Bọ́ọ̀lù funfun kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí bàlúùnù fi ń dẹ́rù bani? Àwa Yorùbá ti dáhùn tipẹ́: ojú lọ̀rọ̀ wà. Olè lójú, ẹ lè bẹ̀ ẹ́. Ajá lójú, ẹ lè wò ó kó tijú. Ohun tí kò lójú, ibo lẹ fẹ́ gbé ẹ̀bẹ̀ yín kà? Àwọn tó ṣe Halloween, fíìmù apààyàn oníbòjú ti ọdún 1978, náà mọ èyí. Ìbòjú olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ojú òṣèré kan, William Shatner, ṣe ni wọ́n rà, wọ́n yọ irun ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀ sí i, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Ojú èèyàn ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

Rover kò tilẹ̀ mọ ará ilé. Apá kan wà tí àwọn olórí abúlé rán ayédèrú Nọ́ńbà 6 sí Nọ́ńbà 6 gidi, tí ojú wọn jọra délẹ̀. Ẹni tí wọ́n fúnra wọn rán níṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù náà pa. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti di ohun ẹ̀rù lóòótọ́, torí kò bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ kejì, pé ohun tí a kò rí tán ló ń dẹ́rù bani, dàgbà ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé ẹni tó bá ti gbọ́ ìró Orò lóru rí kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀. Ta ló rí i? Ìró yẹn nìkan tó láti sé gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò. Ní 21 Oṣù Kejìlá 1963, BBC parí apá kan nínú Doctor Who, eré àtìgbàdégbà nípa arìnrìn-àjò inú àkókò, báyìí: obìnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń ké tantan, ohun tó sì ń bọ̀ wá bá a, apá rẹ̀ nìkan la rí. Apá ọ̀hún, irú rọ́bà onígi tí a fi ń tú síǹkì tó bá dí ni. Wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sùn pẹ̀lú ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí Dalek, ẹ̀dá inú ẹ̀rọ tó ni apá náà, lódindi. Ká ní wọ́n fi síǹkì mọ́ ọn ni, ẹ̀rín ni ì bá pa wọ́n.

Èyí ló gbé mi padà sórí fíìmù tí ọmọ iṣẹ́ mi ń bi mí léèrè rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni ín gbé e wá, apààyàn rẹ̀ ń bú ramúramù, iná pupa wà nínú ihò ojú ìbòjú rẹ̀, ó sì ti pa èèyàn mẹ́sàn-án kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ìgbà tó pa ẹni kẹrin, ọmọ iṣẹ́ mi ti ń wo fóònù. Mo yọ mẹ́jọ nínú òkú yẹn. Mo yọ bíbú ramúramù. Mo wá rí i pé sílípáàsì ni òṣèré náà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á, ìró rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ohùn, pà, pà, pà, lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbé ìyẹn sókè. Ọmọbìnrin náà wọ kọ̀rídọ̀, ó dúró, a gbọ́ pà, pà. Ó sáré. A tún gbọ́ ọ, kò yára sí i. Ìbòjú kò jáde títí ó fi ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí.

Inú onífíìmù kò dùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ iye tí mo ra ìbòjú yẹn?" Ó gbé fíìmù lọ bí mo ṣe gé e, ó san ìdajì owó mi. Ìbòjú náà ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, bátìrì ti jò sínú ihò ojú rẹ̀ kan.