Ẹ má da èèpo iṣu pọ̀ mọ́ nọ́ílọ̀n, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ̀gbá. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, àwa tẹ́ ẹ máa ń pariwo "wọ́n ti dé o" tẹ́ ẹ bá ti rí wa lókèèrè, tẹ́ ẹ ó sì yára fẹsẹ̀ ti pàǹtí sábẹ́ tábìlì. Ẹ fara balẹ̀, mi ò mú sámáǹsì dání lónìí. Kì í ṣe pé ẹ kì í gbálẹ̀ ló ń bí mi nínú, ẹ ń gbálẹ̀, mo rí i. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbá a tán, inú àpò kan ṣoṣo lẹ máa ń kó gbogbo ẹ̀ sí: èèpo iṣu, ẹ̀fọ́ tó ti rà, ìyẹ́ adìẹ, nọ́ílọ̀n píọ̀ wọ́tà, ìgò tó fọ́, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹ dì í lẹ́nu, ẹ ní ó parí.

Kò parí o.

Pé kẹ́ ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dání wá sọ́jà, pé kẹ́ ẹ fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín dípò tékàwéè funfun tí Èkó ti fòfin dè láti oṣù kìíní 2024, ìyẹn ò yẹ kí n máa sọ ọ́, àwọn ìyá yín ti kọ́ yín. Ti èèpo iṣu ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká sọ. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, tòmátì tó ti bàjẹ́, ajílẹ̀ ni gbogbo wọn, ó kàn kù díẹ̀ kó jinná ni. Ẹ kó o jọ sójú kan, ẹ bu ìyẹ̀fun pákó tí ẹ̀rọ ń gé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onípákó Bódìjà lé e lórí, kẹ́ ẹ tún kó èèpo lé e. Kó tutù díẹ̀, kó má ṣe rin gbingbin. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, tẹ́ ẹ bá kiwọ́ bọ àárín ẹ̀ ẹ ó yára fà á yọ, torí ó lè gbóná tó 60°C, ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àrùn àti hóró koríko. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i kí atẹ́gùn ráyè wọ̀ ọ́. Tó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun pákó kún un. Tí ò bá gbóná, bóyá ó ti gbẹ jù, ẹ wọ́n omi sí i. Tó bá fi máa tó bí oṣù mẹ́ta, erùpẹ̀ dúdú tí ò rùn mọ́ lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ti òyìnbó nìyẹn. Nínú ọjà Bódìjà yìí gan-an, kí ọdún 2000 tó wọlé, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀, pàǹtí ọjà ni wọ́n fi ń ṣe é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sridhar ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó fi ìmọ̀ sí i. Iṣẹ́ wolé-wolé kì í ṣe ká máa lé alákàrà kiri nìkan, ẹ jẹ́ kó yé yín, a kàwé ẹ̀.

Nọ́ílọ̀n ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ta ló máa jókòó ṣa nọ́ílọ̀n píọ̀ wọ́tà kúrò nínú èèpo tó ti rà? Àgbẹ̀ tó bá sì rí réésà nínú ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní rà á mọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á ṣe forí lé ààtàn, tàbí ká kúkú sọ òótọ́, gọ́tà. N'Ìbàdàn! Ìlú tí odò Ògùnpa ti ya lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tí omíyalé tún pa èèyàn tó lé ní 100 lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tí pàǹtí tó dí ojú odò sì wà lára ohun tó fà á. Síbẹ̀ ìyá kan sọ fún mi lójúkojú pé odò ló ń bínú, pé wọn ò bọ ọ́. Ẹ bọ ọ́ mà, nọ́ílọ̀n lẹ fi bọ ọ́.

Àpò méjì, èyí tó lè jẹrà lọ́tọ̀, èyí tí ò lè jẹrà lọ́tọ̀. Ó tán.

Èyí tó tún ń fọ́ mi lórí ni ti gbígbálẹ̀ lálẹ́, pé ẹni tó bá gbálẹ̀ lálẹ́ ti gbá ajé dànù. Láyé àtùpà, ó mọ́gbọ́n dání, owó lè bọ́ sílẹ̀ kéèyàn gbá a mọ́ pàǹtí. Ẹ ti wá tan gílóòbù báyìí, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣì ń fi èèpo sílẹ̀ mọ́jú fún eku. Eku yẹn náà ló ń tọ̀ sí gaàrí tẹ́ ẹ ò bò, ibẹ̀ sì ni ibà Lassa ti ń wá, tó ń pa èèyàn ní Ọ̀wọ̀ lọ́hùn-ún lọ́dọọdún. Tí eku bá wá pọ̀ tán, ọ̀gbẹ́ni ọ̀tá-píápíá á dé pẹ̀lú sípíkà léjìká. NAFDAC ti ní láti 2019 kí wọ́n yé ta Sniper kékeré lọ́jà gbangba, òun wá ń ta èyí tí ò lórúkọ nínú ike omi. Ohun tó pò síbẹ̀, òun gan-an ò lè sọ fún yín.

Ní ọjà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìyá elélùbọ́ kan fi nǹkan yẹn pa ẹja sáwá gbígbẹ lára, ó fi sábẹ́ tábìlì kó tó lọlé lálẹ́. Ọmọdébìnrin tó ń bá ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tajà ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀, ó rí ẹja nílẹ̀, ó rò pé inú tíréè tiwọn ló ti já bọ́, ó mú un, ó gbọn eruku ẹ̀ nù, ó dá a padà sáàárín àwọn yòókù. Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ pàdánù. Ìgbà tí ìyá elélùbọ́ dé, tó ń wá ẹja ẹ̀, ló figbe ta, wọ́n sì ti tà lára tíréè yẹn kí wọ́n tó pè wá. A gba gbogbo ẹja, ẹlẹ́ja ń sunkún, elélùbọ́ ń sunkún, ọmọ yẹn dúró gbagidi, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kéde káàkiri ọjà pé kí gbogbo ẹni tó ra sáwá láàárọ̀ yẹn dá a padà. Àwọn kan dá a padà. A ò mọ̀ bóyá gbogbo wọn ni.

Ẹni tó bá sì gbé oògùn eku yẹn mì, ẹ má rọ ọ́ lépo pupa! Epo ò pa oró yẹn, ẹni tó ti ń dákú lọ tẹ́ ẹ wá ń da epo sí lọ́fun, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ. Mílíìkì náà, rárá. Ẹ má tiwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi ṣan ara ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ike ẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Tó bá jẹ́ ti ọ̀tá-píápíá, ike omi lásán lẹ máa gbé débẹ̀, dókítà á máa wo ike, ẹ̀yin náà á máa wo dókítà, ẹni tó tà á fún yín á sì ti wọ mọ́tò lọ sọ́jà mìíràn.