Ta Ló Ń Ṣí Ilẹ̀kùn Broadmoor?

Ní ọdún 1800, James Hadfield, sójà tí idà ti ṣá lórí lójú ogun, yìnbọn sí Ọba George Kẹta nínú ilé eré Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọta kò ba ọba. Kóòtù rí i pé orí Hadfield ti dàrú, wọn kò dá a lẹ́bi. Kíá ni ilé aṣòfin ṣòfin: ẹni tó bá tipa wèrè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, àhámọ́ ló ń lọ, títí ìgbà tó bá wu ọba.

Bethlem, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn sí. Nígbà tí ibẹ̀ kún, wọ́n kọ́ Broadmoor, ilé ìwòsàn alódi fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, sí Crowthorne ní Berkshire. Ní 1863 ni ó ṣí. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọkùnrin dé ní 1864. Daniel M'Naghten wà lára wọn, ẹni tó pa akọ̀wé olórí ìjọba ní 1843. Ẹjọ́ rẹ̀ ló bí ìbéèrè táwọn adájọ́ ṣì ń bi: ṣé ẹni yìí mọ ohun tó ń ṣe, ṣé ó sì mọ̀ pé kò tọ́? Ìbéèrè náà dé abala 28 òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà, èyí tó tún fi kún un pé: ṣé ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu?

Ọ̀nà àbájáde ló le jù. Dókítà ló ń tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n nígbà náà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Òfin ìlera ọpọlọ ti 1959 fi Broadmoor sábẹ́ àkóso iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera, síbẹ̀ ẹni tí adájọ́ bá ti fi ìdènà pàtàkì lé lórí, dókítà kò lè dá a sílẹ̀ àfi tí mínísítà bá fọwọ́ sí i.

Ní 1974, ọkùnrin kan tó ti jáde, tó sì ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ni mínísítà ní kí wọ́n lọ gbé padà. Kò sí kóòtù tó lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò délẹ̀délẹ̀, ìwà ìkà sì ni èyí. Ní 1981, Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dá a láre: ẹni tó wà ní àhámọ́ gbọ́dọ̀ rí adájọ́ tó lágbára láti tú u sílẹ̀.

Òfin ìlera ọpọlọ ti 1983 wá gbé agbára náà fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta: adájọ́ ni alága, dókítà kan àti ará ìlú kan jókòó tì í. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, aláìsàn lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí wọn kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, mínísítà fúnra rẹ̀ ni òfin náà ní kó gbé e lọ síwájú wọn.