Pé dàbínù kì í bàjẹ́ kò ní kí jáàmù rẹ̀ má bàjẹ́

"Ẹ gbé e sórí tábìlì, kò sóhun tó máa ṣe é. Ṣebí dàbínù ni." Lásìkò ààwẹ̀, nígbà tí dàbínù bá kún igbá àwọn ọlọ́jà láti Ọjà Ọba títí dé Ìpàta, ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń se jáàmù dàbínù ní Ìlọrin àti àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ní èso gbígbẹ kì í bàjẹ́, nítorí náà jáàmù tí wọ́n fi èso gbígbẹ ṣe kò lè bàjẹ́, kò nílò fíríìjì, kò sì nílò ṣúgà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́, ìdajì yẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Dàbínù gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó ti gbẹ kúrò lára rẹ̀ ló ń pa á mọ́, àti ṣúgà tó kù sí i lára tó di omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù mú pinpin, tí kòkòrò àìfojúrí kò fi rí èyí tó máa mu. Nígbà tí ẹ bá wá rẹ dàbínù yẹn sínú omi, tí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ohun tó ń dáàbò bò ó gan-an lẹ ti mú kúrò.

Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ èyí, bí kò tiẹ̀ rò ó dé ibẹ̀. Èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa lè wà nínú àpò láti ẹ̀ẹ̀rùn kan dé èkejì. Ẹ fi omi gbígbóná rò ó, ẹ wá gbàgbé rẹ̀ sínú abọ́ di ọ̀túnla, kò sẹ́ni tó máa sọ pé "ṣebí èlùbọ́ ni" kó tó bu òkèlè. Oyin náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò oyin ti gbẹ omi inú rẹ̀ dé nǹkan bíi 18 nínú 100 kí wọ́n tó dé ojú afárá, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Ẹni tó bá bu omi là á, tó sì gbé e kalẹ̀, láìpẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, torí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé èèyàn jù nìyẹn. Dàbínù gbígbẹ tí a ti yọ kóró rẹ̀, tó wọn 500 gíráàmù, omi inú rẹ̀ máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí jẹ́ 100 gíráàmù omi, ó ku 400 tó jẹ́ ṣúgà àti okùn ara èso, ìyẹn fáíbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi omi 500 mílílítà lọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ á di 1,000 gíráàmù, omi á sì di 600 nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ omi láàárọ̀ ti wá di ohun tí omi ju ìdajì rẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Jáàmù inú ìgò tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, tó ń pẹ́ lórí pẹpẹ, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tó 65 nínú 100, wọ́n sì ń fi ìkan, ìyẹn ohun tó kan lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́, sí i, wọ́n ń dà á sínú ìgò nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n á sì dé e pa. Dàbínù tí ẹ fi omi lọ̀ kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ààwẹ̀ ọdún 2025 bọ́ sí March, ti 2026 sì bọ́ sí àárín February àti March, ìgbà tí oòrùn Ìlọrin mú jù. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, dàbínù tí wọ́n lọ̀ láìsè, tó wà lórí tábìlì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó kéékèèké lọ́jọ́ kejì. Ìdérí ìgò á wú, ẹ ṣí i, ó dún "fúù", òórùn rẹ̀ sì ti ń sún mọ́ ti ẹmu. Èyí kì í ṣe àmì pé ó "lágbára", bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ti ń di ọtí. Àwọn tó kéwú mọ̀ pé omi tí wọ́n bá rẹ dàbínù sí, wọn kì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dà á nù, ìdí yìí kan náà ni. Jáàmù kò yàtọ̀ sí omi yẹn tó bí wọ́n ṣe rò.

Èyí tó bu lójú, tí nǹkan funfun bí òwú hù sí lórí, ẹ má ṣe fi ṣíbí ha ojú rẹ̀ kúrò kí ẹ máa jẹ ìyókù. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlé ju ibi tí ojú rí lọ. Ẹ dà á nù tìgò-tìgò.

Ọ̀rọ̀ ìkan la fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun ni ewu tí ojú àti imú kì í rí. Òǹkà kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí oúnjẹ ṣe kan tó, bí oúnjẹ bá ṣe kan sí ni òǹkà náà ń kéré sí. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàárín 2 sí 3. Dàbínù wà ní nǹkan bíi 5.5 sí 6.5, ìyẹn ni pé kò kan rárá. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clostridium botulinum kì í lè hù nínú ohun tí òǹkà rẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 4.6. Ohun tí kò kan, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, tí atẹ́gùn kò sì dé ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ràn, májèlé tó ń tú jáde sì lè rọ iṣan èèyàn títí dé èyí tí a fi ń mí. Omi híhó lásán kì í pa hóró tí kòkòrò yìí fi ń sá pamọ́. Ó di ooru 121°C nínú ìkòkò tí wọ́n dé ooru mọ́ kí ó tó kú. Nítorí náà, àwọn tó ń da òróró lé dàbínù lílọ̀ lórí "kí atẹ́gùn má baà kàn án", tí wọ́n wá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ilé ni wọ́n ń kọ́ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Báwo la ṣe wá ń sè é tí yóò fi dáa? Ẹ ra dàbínù bíi 600 gíráàmù kí ẹ lè rí 500 lẹ́yìn tí ẹ bá yọ kóró. Èyí tó rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ló yá jù. Èyí tó le koko, tó ń dún kó-kó nínú igbá, dùn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí iyanrìn máa ń wà nínú ìhunjọ ara rẹ̀, ẹ sì la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ má ṣe fún kóró jáde láìlà á. Inú dàbínù ni ìdin àti kòkòrò kéékèèké máa ń fara pamọ́ sí, ìta rẹ̀ á sì máa dán. Èyí tí inú rẹ̀ bá ní ìyẹ̀fun dúdú tàbí okùn aláǹtakùn, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ ka kóró tí ẹ yọ bí ó bá ṣeé ṣe. Kóró kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù lè ba abẹ bílẹ́ńdà jẹ́.

Ẹ hó omi 400 mílílítà, ẹ dà á lé e, ẹ dé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tó le, ẹ gbé òun àti omi rẹ̀ kaná jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má rẹ ẹ́ sílé mọ́jú láìsí fíríìjì, torí ìbàjẹ́ tí à ń sá fún á ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dáná. Omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ yẹn náà ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́, adùn ti wà nínú rẹ̀. Bí èèpo bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ wọn ìkòkò náà lófìfo, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Dàbínù àti omi jọ jẹ́ nǹkan bíi 900 gíráàmù báyìí. Iná kékeré ni, kí orógùn sì gùn, torí bó bá ti ń ki, yóò máa ta pàrà bí ọbẹ̀ ilá tó ń hó, ohun tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara tó bá jó. Láti ìṣẹ́jú kẹwàá ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, kí orógùn máa kan ìsàlẹ̀. Iná èédú máa ń le jù fún un. Ẹ fa èédú díẹ̀ kúrò tàbí kí ẹ gbé irin sáàárín. Bó bá jó nídìí, ẹ má ṣe ha á pọ̀, ẹ yí òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, torí ìkorò díẹ̀ ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ 60 mílílítà sí i, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú kànáfùrù méjì tí ẹ gún tàbí ataalẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Omi ajàgbọn, tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, dùn lẹ́nu púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ bó ṣe kan tó yàtọ̀ láti orí ẹyọ kan sí òmíràn. Ẹ máa sè é lọ títí ohun tó wà nínú ìkòkò yóò fi wọn nǹkan bíi 700 gíráàmù. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó ki igi tó mọ́ bọ ìkòkò níbẹ̀rẹ̀, kó sàmì sí ibi tó dé, nígbà tó bá ti fà dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti ń tó. Ẹ fi orógùn la ìdí ìkòkò: bí ọ̀nà náà bá dúró tó kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ó tó padé, ẹ sọ̀ ọ́.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ẹ padà sí ìṣirò. 400 nínú 700 jẹ́ bíi 57 nínú 100, okùn ara èso sì wà nínú 400 yẹn, kì í ṣe ṣúgà nìkan. Kò tíì dé 65. Ẹ lè sè é títí dé 600, ṣùgbọ́n yóò le jù, kò ní ṣeé fi pa búrẹ́dì. Ibi tí dàbínù ti rọ̀ tó láti pa búrẹ́dì àti ibi tó ti lè dá dúró láìsí fíríìjì kò pàdé ara wọn, àfi bí ẹ bá fi ṣúgà kún un. Ṣúgà 200 gíráàmù, tí ẹ sì sọ̀ ọ́ nígbà tó wọn 880, máa ń gbé e sún mọ́ jáàmù gidi. Èyí náà, fíríìjì la ní kí ẹ fi í sí, nítorí pé ahọ́n kò lè sọ bóyá ìkan rẹ̀ ti wá sísàlẹ̀ 4.6.

Ohun mìíràn tó so mọ́ ìgbàgbọ́ yìí ni "kò ní ṣúgà". A mọ̀ pé inú rere ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́ fún ìyá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó lè ṣe é ní jàǹbá. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dàbínù gbígbẹ jẹ́ ṣúgà. Nínú jáàmù tí a júwe lókè, tí a kò fi ṣúgà kankan sí, ṣíbí ọbẹ̀ kan ní ṣúgà tó bíi hóró ṣúgà onígun méjì. Okùn inú rẹ̀ dáa fún ara, kò sì sọ ọ́ di oògùn. Kí onítọ̀hún kà á mọ́ oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe ń ka búrẹ́dì.

Rèsínnì àti máńgòrò gbígbẹ ní ìkan tiwọn ju dàbínù lọ, wọ́n sì rọrùn díẹ̀ láti sè. Ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn tó fún adùn wọn. Ẹ kàn tọ́ máńgòrò wò kí ẹ tó fi ṣúgà kankan sí i, òmíràn ti mu omi ṣúgà kí wọ́n tó gbẹ ẹ́.

Ìgò tí ẹ máa dà á sí, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dorí kodò gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún. Ìdérí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìgò kékeré mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ, torí èyí tí ẹ kò tíì ṣí kò ní fara gbá ohun tó bá ṣe èyí tí ẹ ṣí. Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, èyí tí ẹ sè lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí ẹ lọ̀ láìsè kò yẹ kó ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Nínú fírísà, oṣù mẹ́ta, kó jẹ́ abọ́ rọ́bà, nítorí ìgò tó kún lè fọ́. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìjì. Tí ẹ kò bá ṣí i, ó lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ṣíbí tó ti kan másà tàbí wàrà, ẹ má tún ki í bọ ìgò náà. Ẹ bu ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ sínú àwo, kí ẹ dé e, kí ẹ dá ìgò padà kí ẹ tó jókòó.