Kí ló dé tí a fi ń yẹ ìrìn ọmọ tí ara rẹ̀ dá wò?

Nígbà tí àwa oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, tí a ń tọ́jú ìrìn àti ìṣípòpadà ara, bá lọ yẹ àwọn ọmọ wò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kubwa tàbí Nyanya ní agbègbè Abuja, ohun tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí lára ọmọ mi?" A ò rí nǹkan kan. Ọmọ tí kò ní àléébù gan-an la wá wò. Tí a ò bá mọ bí ọmọ ọdún márùn-ún tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe ń fò, tó ń yí padà, tó ń sáré tó sì ń dúró lójijì, báwo la ṣe fẹ́ dá èyí tó ń rẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀?

Kí ọmọ dúró sójú kan láìṣubú, ọ̀tọ̀ ni. Kí ara rẹ̀ wà déédéé nígbà tó ń rìn, tó ń tẹ̀, tó ń ṣẹ́rí padà, ọ̀tọ̀ ni. Èkejì yìí ló le jù, òun náà sì ni ọmọ ń lò láti àárọ̀ dalẹ́: ó fi ń gun àtẹ̀gùn, ó fi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó fi ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ọmọ lè dúró bí òpó níwájú dókítà, kó sì máa kọsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbára lé àyẹ̀wò ìdúró nìkan.

Ohun mẹ́ta ni ọpọlọ ń gbọ́ tiwọn kí ara má bàa ṣubú: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ìmọ̀lára tó ń wá láti àtẹ́lẹsẹ̀, iṣan àti oríkèé. Ojú ni ọmọ kékeré gbójú lé jù. Ní nǹkan bí ọdún 4 sí 6, ó ń kọ́ bí yóò ṣe fi ti etí àti ẹsẹ̀ kún un, bó bá sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ìṣesí rẹ̀ kì í dọ́gba: òní dáa, ọ̀la fì. Shumway-Cook àti Woollacott kọ nípa èyí ní Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n sì rí i pé láti ọdún 7 sí 10 ni ti ọmọ ti ń jọ ti àgbà. Nítorí náà, tí ọmọ ọdún márùn-ún yín bá ń fì díẹ̀, ẹ má tíì pariwo, ẹ má sì pè é ní ọ̀dẹ̀ tàbí ọ̀lẹ.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù kò gbà ju àga, téèpù ìwọ̀n àti fóònù lọ. Timed Up and Go ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí ènìyàn dìde, kó rìn, ká sì ka àkókò rẹ̀. Podsiadlo àti Richardson gbé e jáde ní 1991 fún àwọn àgbàlagbà. Ní 2005, Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia tún un ṣe kó lè bá ọmọdé mu. A ó wá àga tí kò ní ibi ìgbọ́wọ́lé, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yóò kanlẹ̀ dáadáa tó bá jókòó lé e. A ó wọn mítà 3 dé ibi ògiri, a ó lẹ ìràwọ̀ tí a fi páálí gé síbi tí ọwọ́ ọmọ tó. Ọmọ á dìde, á rìn lọ fọwọ́ kan ìràwọ̀, á yí padà, á rìn bọ̀, á jókòó. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá kúrò lórí àga la ó tẹ aago, ìgbà tó bá padà jókòó la ó dá a dúró. A kì í kà á láti ìgbà tí a bá ní "ó yá", torí ọmọdé lè gbọ́ "ó yá" kó ṣì máa wo ojú fèrèsé. Ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe nídìí ògiri lásán, ṣùgbọ́n tó bá ti ní nǹkan láti fọwọ́ kàn, ó yé e.

Lára àwọn ọmọ ọdún 3 sí 9 tí kò ní àléébù tí Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, ìpíndọ́gba jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5.9. Ẹ má fi iye yẹn dájọ́ ọmọ yín. Ọmọ Australia ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn gan-an ló sì fà á tó fi yẹ ká wọn àwọn ọmọ tiwa níbí.

Ibi ìyípadà níwájú ògiri ni ojú mi máa ń wà ju ara aago lọ. Ṣé ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló fi yí, àbí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tìẹ̀tìẹ̀ yí ká? Ṣé ó rọra jókòó, àbí ó ju ara rẹ̀ sórí àga? Ẹsẹ̀ lásán ni kí ó fi rìn; ìbọ̀sẹ̀ lórí táìlì yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kò sọ nǹkan kan fúnni. Bí ọyẹ́ bá ti di ọmọ nímú, tí etí rẹ̀ sì dí, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn.

Àyẹ̀wò mìíràn tún wà tí ọmọ yóò fi ẹsẹ̀ kan dúró, tí yóò sì na èkejì lọ jìnnà bó ṣe lè ṣe tó. Níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi gígùn ẹsẹ̀ ọmọ pín ohun tí a bá wọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni yóò máa gbégbá orókè.

Nílé, súwẹ̀ tó. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan fò, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mú òkúta, tí wọ́n ń yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ kan dúró fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọdún 3, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ kan fò ní nǹkan bí ọdún 4, wọ́n sì lè fi gìgísẹ̀ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kejì rìn lórí ìlà ní nǹkan bí ọdún 5 sí 6.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá ń gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ kó tó lè dìde nílẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ń ṣubú sẹ́yìn ẹ̀kejì. Lápá òkè ọya níbí, mo tún máa ń béèrè bóyá ọmọ ti ní yírùnyírùn rí tàbí bóyá etí rẹ̀ ń ṣọyún, torí àìsàn méjèèjì lè ba inú etí jẹ́. Mo sì máa ń wo ẹsẹ̀ tó wọ́: ìwádìí tí Thacher àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́ọ̀mù nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń fa egungun rírọ̀ lára ọmọ, bí oòrùn tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, irú èyí tó wà ní National Hospital tàbí ní University of Abuja Teaching Hospital ní Gwagwalada. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ká fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń gun àtẹ̀gùn tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ká a láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì hàn kedere. Ọmọ púpọ̀ kì í ṣe ní iwájú wa ohun tó ń ṣe nílé.